Ọdún Josephine

Ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn nínú oṣù Kejìlá ni ìdílé Adéyẹmọ máa ń jókòó bojú wẹ̀yìn wo ọdún. Michelle, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ló dá a sílẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méjìlá. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kálukú á sọ orin tó gbádùn jù lọ́dún náà, fíìmù tó dùn mọ́ ọn jù, ohun tó mú inú rẹ̀ dùn jù àti ohun tó bà á nínú jẹ́ jù. Michelle á kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́dún yìí, Michelle wọ ọkọ̀ òfuurufú wá láti Chicago. Ó ti pé oṣù mọ́kànlá tó ti wálé kẹ́yìn. Láti àárọ̀ ni Mosúnmọ́lá, ìyá rẹ̀, ti ń ro ohun tí òun máa sọ. Ó mọ ohun tó ba òun nínú jẹ́ jù lọ́dún náà. Josephine ni. Àmọ́ kò ní í sọ ọ́.

Orin ló kọ́kọ́ gbé orúkọ náà wọlé. Ní oṣù Kẹta, Michelle fi tíkẹ́ẹ̀tì méjì ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n lọ wo ọ̀dọ́mọkùnrin olórin kan láti Èkó tí ẹnu gbogbo ènìyàn kò kúrò lára rẹ̀. Gbọ̀ngàn ńlá tó wà láàárín Dallas kún dẹ́múdẹ́mú. Àwọn ọmọ tó yí wọn ká ń fi fóònù ya fídíò. Dàpọ̀, ọkọ rẹ̀, dìde, ó jó títí òógùn fi bò ó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Mosúnmọ́lá kò ti rí i kó jó bẹ́ẹ̀. Dàpọ̀ tẹ̀ sí i létí, ó ní, "Josephine ìbá wà níbí. Irú orin tó fẹ́ràn nìyí."

Ńṣe ló dà bí ẹni da omi tútù sí Mosúnmọ́lá lára. Ó jókòó, kò sì dìde mọ́ títí olórin náà fi parí.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ Josephine kò tán lẹ́nu Dàpọ̀. Kò fi pa mọ́. Bí wọ́n bá ń jẹun, á ní Josephine ní ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́, pé bó bá ń rìn, ilẹ̀ kì í mọ̀. Bí wọ́n bá wà nínú mọ́tò lórí freeway, á máa dá rẹ́rìn-ín. Ohùn tó fi ń bá Mosúnmọ́lá sọ̀rọ̀ wá yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ "ẹ ṣé" àti "ẹ jọ̀ọ́" fún un, bí ẹni ń bá ìyá ìjọ sọ̀rọ̀. Kò fọwọ́ kàn án mọ́.

Mosúnmọ́lá mọ Josephine dáadáa. Kò mọ ẹ̀wà sè kó má jóná. Nǹkan kékeré ló ń bí i nínú. Àmọ́ ó lẹ́wà, ìyẹn ló sì ń ta Mosúnmọ́lá lára. Ta ló ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n títí ẹsẹ̀ fi wú? Ta ló bá Dàpọ̀ gbé inú apartment tí eku ń sáré kiri nínú rẹ̀, kí wọ́n tó ra ilé ní Duncanville? Ó lọ ra ìpara ojú. Ó pa irun rẹ̀ láró. Dàpọ̀ wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó yẹ yín, mà," ni ó wí.

Ní oṣù Keje, wọ́n lọ wo fíìmù kan tí gbogbo ènìyàn ń tò láti wò. Dàpọ̀ bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí àga tó ṣófo lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Obìnrin kan fẹ́ jókòó síbẹ̀.

"Ẹ má bínú," ni Dàpọ̀ sọ fún un, "ẹnì kan ń bọ̀."

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni Mosúnmọ́lá wà. Kò mọ bí fíìmù náà ṣe parí.

Oṣù Kẹsàn-án ló burú jù. Dàpọ̀ gbé mọ́tò jáde láìdágbére. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, ẹ̀ṣọ́ kan pè láti ilé ìkẹ́rùsí kan ní Lancaster, níbi tí Dàpọ̀ ti ṣiṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Mosúnmọ́lá bá a níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó mú òdòdó lọ́wọ́.

"Josephine ni mò ń dúró dè," ni ó wí fún un lójúkojú. "Ó ti pẹ́ díẹ̀, àmọ́ ó máa wá."

Mosúnmọ́lá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sunkún. Nígbà tí Michelle pè lọ́jọ́ kejì, ó ní bàbá rẹ̀ ń sùn. Ohun tó máa ń sọ nìyẹn nígbàkígbà tí Michelle bá pè.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán ní ọjọ́ Sátidé náà, Michelle mú fóònù rẹ̀ láti kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mosúnmọ́lá dárúkọ orin kan, ó dárúkọ fíìmù kan. Ó ní ohun tó mú inú òun dùn jù ni pé Michelle wálé.

"Èyí tó bà yín nínú jẹ́ ńkọ́, Mummy?"

"Orúnkún mi," ni Mosúnmọ́lá dáhùn.

"Daddy, ó kàn yín."

Dàpọ̀ tún kọ́là rẹ̀ ṣe. Ojú rẹ̀ ń dán. "Ohun tó mú inú mi dùn jù lọ́dún yìí," ó ní, "ni pé Josephine gbà láti fẹ́ mi."

Michelle gbé ojú sókè.

"Èyí tó ń dùn mí," Dàpọ̀ rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó fi orí júwe Mosúnmọ́lá, "ni pé n kò tíì mọ bí mo ṣe máa sọ fún wọn pé mo fẹ́ kó kúrò níbí. Wọ́n ṣe dáadáa sí mi nínú ilé yìí."

Michelle dìde, àga rẹ̀ sì ṣubú. "Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, Daddy." Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, omi ti lé sí i lójú. "Mummy, ẹ mọ̀ nípa ẹ̀? Who is Josephine?"

Mosúnmọ́lá gbé àga náà nílẹ̀, ó ní kí ọmọ rẹ̀ jókòó.

"Èmi ni," ni ó wí, "orúkọ ìrìbọmi mi ni, òun ni bàbá rẹ sì fi ń pè mí kí a tó fẹ́ra."