Omi Ìwẹ̀ Ọmọ

Láràárọ̀, kí ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ tó wọ Òṣogbo, Ládùńkẹ́ a ti gbé omi ìwẹ̀ ọmọ kaná. Yàrá abiyamọ ibùdókọ̀ ojú irin náà, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, kò lẹ́gbẹ́. Àga rẹ̀ ń mi ìyá jẹ́jẹ́, iná rẹ̀ a máa rọra ṣú bí ọmọ bá fẹ́ sùn, ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í sì í ṣí fún àlejò tí kò bá pọn ọmọ. Ohun gbogbo ló pé síbẹ̀, àfi ọmọ. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, Ládùńkẹ́, àgbà obìnrin tí kò gbé ọmọ-ọmọ rí, a da omi náà nù.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ilẹ̀kùn ṣí.

"Ẹ kú ewu ọmọ o," ni ilẹ̀kùn náà wí.

Obìnrin kan wọlé, ó pọn nǹkan, ó fi ọ̀já gbà á pinpin. Ládùńkẹ́ sáré fa àga sún mọ́ ọn. "Ìyá ọmọ, ẹ jókòó! Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

Obìnrin náà tú ọ̀já. Ìrọ̀rí ló pọ̀n, ó rọ iyanrìn sínú rẹ̀ kó lè wúwo tó ọmọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ má pe ọlọ́pàá. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n kí èmi náà kú ewu ọmọ kí n tó darúgbó ni."

Agogo ọlọ́pàá wà lára ògiri, òfin sì ni kí Ládùńkẹ́ tẹ̀ ẹ́ bí ẹnikẹ́ni bá fi ẹ̀tàn wọlé. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó fa àpótí, ó jókòó, ó ká ìró dé orúnkún, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí bàsíà omi ìwẹ̀.

"Gbé e wá, ọmọ mi," ó ní, "kí omi tó tutù."