Agogo Tíì Àjẹ́lẹ̀

Ibà ló pa àjẹ́lẹ̀ òyìnbó tí wọ́n rán wá sí àárín igbó. Láṣebìkan, kúkù rẹ̀, àti Òjélàdé, akódà rẹ̀, ni wọ́n jọ sin ín, wọ́n sì fi agogo tó fi ń pè wọ́n sínú sàréè tì í. Òjélàdé fẹnu kan irin, ó búra fún Láṣebìkan: "Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní fi yín sílẹ̀ níbí." Kí ilẹ̀ tó mọ́, òun àti ọkọ̀ kan ṣoṣo tó wà létí odò ti lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, Láṣebìkan ń koná, ó ń ṣépè fún ọ̀dàlẹ̀ náà lábẹ́ ẹnu, ni agogo bá dún ní yàrá àjẹ́lẹ̀. Òyìnbó a máa lù ú lẹ́ẹ̀kan fún ife tíì kan, lẹ́ẹ̀mejì bí àlejò bá wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dún.

Kó tó rántí, ẹnu rẹ̀ ti dáhùn: "Sà."

Ó gbé ife méjì dé ẹnu ọ̀nà. Fìlà pupa Òjélàdé wà lára ìṣó tó máa ń fi í kọ́, omi odò ń ro tótó lára rẹ̀.

Ohùn tó mọ̀ dáadáa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ látinú yàrá:

"Ẹ̀gbọ́n, mo ṣáà ti búra. Ife mẹ́ta ni kẹ́ ẹ gbé wá."