Àlàní Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà

Ọkọ mi Àlàní, tó jẹ́ òṣèré, kú láìparí fíìmù rẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Dèjì tó ń to fíìmù náà pọ̀ wá fi kọ̀ǹpútà ṣẹ̀dá ojú àti ohùn rẹ̀. Ó ní kí n wá wò ó lálẹ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù bá ti lọ.

Mi ò sunkún. Ẹkún ti gbẹ lójú mi. Mo rí Àlàní tó ń rìn bọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n, ẹnu mi sì kì í bó ṣe ti mọ́ ọn lára:

"Àlàní Ọ̀kín, ọmọ Ọlọ́fà mọjọ̀."

Ó dúró, ó ṣí fìlà. Nílé, ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí báyẹn títí màá fi kì í tán, kó tó wọlé.

"Dèjì, ìwọ lo ní kó dúró?"

"Rárá o, Mà. Ó yẹ kí wọ́n ti kọjá lọ."

Dèjì fa wáyà iná yọ. Fáànù kọ̀ǹpútà dákẹ́. Àlàní ṣì dúró síbẹ̀, fìlà lọ́wọ́, ó ń wò mí.

Mo mọ ìyókù oríkì náà. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá kì í tán, á wọlé.

Mo la ẹnu.