Ọmọ Tó Kúnlẹ̀ Kí A Tó Bi Í Léèrè

Ẹ̀yin ìyá, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ọmọ yín wà ná. Lẹ́yìn náà, mo bẹ̀ yín, ẹ ka ìtàn yìí tán, kí ẹ sì fún ẹlòmíì kà.

Ní ọdún 1987, Safurat, ìyàwó Gàfárù awakọ̀ ní ìlú Ọ̀yọ́, ti ń wá ọmọ tipẹ́. Ó gbọ́ pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Mọ̀ríámọ̀, ní Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, ń wá ẹni tí yóò gba ọmọ òrukàn kan tọ́. Bó ṣe débẹ̀ tó wọlé, ọmọbìnrin náà, Haneefah, fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá."

Omi bọ́ lójú Safurat. Ta ló pè é ní màmá rí?

Mọ̀ríámọ̀ fa Safurat sẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mi ò fi lè bá a gbé mọ́."

"Ẹ má sọ nǹkan kan. Ọmọ tó mọ èèyàn kí báyìí, kí ló lè ṣe?"

"Ẹ gbọ́ mi ná!"

Safurat ti gbé ẹrù ọmọ.

Gbogbo àdúgbò ló ń yin Haneefah. Ó yá, Ọlọ́run ṣe é, Safurat bí Anas. Haneefah nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ìkókó náà bí ẹni ń wo ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá òkú àwọn òròmọdìyẹ Ìyá Sàídù, aládùúgbò wọn, nínú ìkòkò omi. Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, Haneefah ti wà lórí orúnkún.

"Ẹ má bínú, mà."

Ìyá Sàídù wò ó títí. "Safurat, ta ló bi í léèrè tó fi ń bẹ̀bẹ̀? Má fi Anas sílẹ̀ fún un o."

"Háà, Ìyá Sàídù! Àwọn tiyín tó ń dúró ṣánṣán kí àgbà bí òpó iná ńkọ́? Ẹ fi ìlara sílẹ̀."

Ìyá Sàídù ṣa òkú adìyẹ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Anas ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá kòrò nígbà tí Safurat fi í sílẹ̀ fún Haneefah, tó lọ sọ́jà. Nígbà tó ń bọ̀, ó rí i láti òkèèrè: Haneefah ti kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà nínú oòrùn, aṣọ rẹ̀ tutù. Igbá já bọ́ lórí Safurat.

"Anas dà?"

"Ẹ má bínú, mà."

Inú kànga ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti gbé òkú rẹ̀ jáde.

Àwọn ẹbí Haneefah wá mú un lọ sí Ìrẹsà. Safurat gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. "Kí lẹ fẹ́ sọ fún mi lọ́jọ́sí?"

Mọ̀ríámọ̀ dìde. Ó mú un lọ sẹ́yìnkùlé, síbi kànga kan tí wọ́n ti fi síméǹtì dí lẹ́nu. Ó jókòó tì í, ó ń fi ọwọ́ pa síméǹtì náà bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Àbígbẹ̀yìn mi ló kú sínú ẹ̀. Ọwọ́ Haneefah ni mo fi í sí."

Kò pẹ́, Safurat gbọ́ pé aboyún kan ní Ìrẹsà ti gba Haneefah. Ó sáré lọ bá a. Obìnrin náà kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

"Màmá, ẹ fi ìlara sílẹ̀. Ṣé ẹ rí bó ṣe kúnlẹ̀ kí yín?"

Ẹ̀yin ìyá, mi ò ní kí ẹ má gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìbùkún ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ kọ́ ni ìwà. Ẹni tó bá fẹ́ kìlọ̀ fún yín, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Etí tó gbọ́ àlọ ni yóò gbọ́ àbọ̀. Safurat kọ̀, kò gbọ́ àlọ. Àbọ̀ ló wá kúnlẹ̀ dè é lẹ́nu ọ̀nà.