Ìkòkò Tí Mo Dá Lu

Mo ti fi ìṣó dá ihò sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò kan ṣoṣo tí a fi ń se oúnjẹ.

Mo ki ẹnu ẹ̀rọ omi bọ̀ ọ́, mo fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ dí i, mo pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ sínú rẹ̀.

Ẹ má bú mi.

Iṣẹ́ epo ni Honoré ọkọ mi ń ṣe ní Libreville níbí. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ló ń gbé òórùn bíà wọlé, ọwọ́ rẹ̀ á ti hunjọ bíi ti arúgbó.

Mo bu ife kan, mo kúnlẹ̀.

"Bàbá Hélène, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa mu tiyín nílé."

Ó tẹjú mọ́ ihò ìkòkò.

"Ìyá Hélène, n kì í mutí. Wọ́n ti lé mi níbi iṣẹ́ láti Àjíǹde. Ife àwọn ọ̀mùtí ni mo ń fọ̀ ní ilé ọtí Kalikak."