Ìlà Tí Kò Mì Lójú Kọ̀ǹpútà Adégbóyè

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀gá ibi iṣẹ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé òpin. Bí ẹ bá dá a dúró lágbedeméjì, ẹ̀rín nìkan lẹ máa rín, ẹ ò ní mọ ibi tí ẹkún ti wọ̀ ọ́.

1.
Lọ́dún 1997, Adégbóyè ni ọ̀gá ilé ìpamọ́ oògùn kan ní Ìlọrin. Àdúgbò Adéwọlé ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n Ọjà Tuntun ni yàrá yìnyín tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Naeem, onímọ̀ kọ̀ǹpútà láti Kàdúná, ló wá so ibi méjèèjì pọ̀. Ẹ̀rọ inú yàrá yìnyín ń ka bí ibẹ̀ ṣe tutù tó, ó sì ń fi òǹkà náà ránṣẹ́ lórí wáyà tẹlifóònù sínú kọ̀ǹpútà ńlá kan ní Èkó. Ibẹ̀ ni òǹkà ń gbé. Kọ̀ǹpútà Adégbóyè á lọ mú un níbẹ̀, á fi í ya ìlà. Bí yàrá bá tutù, ìlà á wà nísàlẹ̀. Bí ooru bá wọ̀ ọ́, ìlà á gòkè.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tàn án, Naeem ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn yàrá yìnyín díẹ̀ ní Ọjà Tuntun. Ní Adéwọlé, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti fọwọ́ kan nǹkan kan, ìlà náà rọra gbérí.

Nọ́ọ̀sì Husseinat, tó ń bá Adégbóyè ṣiṣẹ́, fọwọ́ bo ẹnu. "Sùbúhánallàhi. Ta ló ń yà á?"

"Kò sẹ́ni tó ń yà á, màmá," Naeem dá a lóhùn. "Òǹkà tó wà ní Èkó ni mo so ó mọ́."

Ẹnu ya Adégbóyè débi pé kò lè jókòó. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pe àwọn ará ìjọ rẹ̀ wá wòran.

2.
Kí Naeem tó padà sí Kàdúná, ó tẹ ìkìlọ̀ kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kọ̀ǹpútà Adégbóyè. Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn ò mọ àmì ohùn: BI INA BA TI LO, E TUN UN DE.

NEPA mú iná lọ, wọ́n tún mú un wá. Husseinat ka ìwé náà, kò yé e.

"Ìdérí rọ́bà rẹ̀ ni," Adégbóyè sọ. "Kí eruku má bàa wọ̀ ọ́. Ẹ tún un dé."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fóònù Naeem, ká bi í."

Adégbóyè rẹ́rìn-ín. "Kí Naeem wá kọ́ èmi ní Yorùbá? Ilé Yorùbá ni wọ́n bí mi sí."

Bí iná bá ti lọ, Adégbóyè á fi ìdérí dé kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bo ọmọ tó sùn. Bí iná bá dé tó sì ṣí i, ìlà á wà nísàlẹ̀, á nà gbalaja, kò ní mì. Ìyẹn tún wá ya á lẹ́nu ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ìlà náà.

3.
Àrùn èéyi wọ Adéwọlé. Àwọn ìyá ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́, Adégbóyè náà sì mú Moṣọpẹ́ wá, ọmọ ọdún mẹ́rin, ọ̀kan ṣoṣo tó bí. Òun fúnra rẹ̀ ló di apá rẹ̀ mú.

Kò pẹ́ tí èéyi fi bo àwọn ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ náà. Ó bo Moṣọpẹ́, ojú rẹ̀ méjèèjì wú, ó sì dí. Husseinat ò bi ọ̀gá mọ́ kó tó fóònù Naeem.

Naeem dé, ó ṣí ìdérí. "Ọ̀gá, ta ló ní kí ẹ máa dé e?"

"Ìwọ náà ni. O kọ ọ́ síbẹ̀."

"Dè ni mo kọ, sà. Kí ẹ tún un dè mọ́ òǹkà tó wà ní Èkó. Bí iná bá ti lọ, ó ti já nìyẹn. Ìlà àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà fi pamọ́ lẹ ń wò."

Ó tẹ nǹkan. Ìlà náà ru sókè bí ògì tó ń hó, ó fi orí kan òkè gíláàsì kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ yàrá yìnyín ti ń kú díẹ̀díẹ̀ tipẹ́. Ibẹ̀ ṣì tutù lára ẹni tó bá wọlé, ṣùgbọ́n kò tutù tó fún oògùn. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fún àwọn ọmọ ti bàjẹ́.

4.
Moṣọpẹ́ ò kú. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbé e délé láti ilé ìwòsàn, oòrùn kún inú yàrá. Bàbá rẹ̀ jókòó tì í. Moṣọpẹ́ na ọwọ́, ó fi pa bàbá rẹ̀ lójú.

"Bàbá mi, ṣé NEPA ò tíì mú iná wá ni?"

Adégbóyè di ọwọ́ kékeré náà mú mọ́ ojú ara rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, ẹ fún ẹlòmíràn kà. Ohunkóhun tí ẹ̀rọ bá fi hàn yín, ẹ wádìí ibi tó ti mú un wá àti ìgbà tó mú un. Bí ọ̀rọ̀ bá sì rú yín lójú, ẹ bi ẹni tó kọ ọ́, ì báà jẹ́ ọmọ tí ẹ lè bí. Ìtìjú ìbéèrè ò lè ju ìṣẹ́jú kan lọ. Moṣọpẹ́ ò ní ríran mọ́ títí ayé rẹ̀.