Àga Aránṣọ

Dókítà tó ń tú báńdéèjì orí aránṣọ bi í léèrè ohun tó bà á.

"Àga ni."

"Ẹ ṣubú lórí àga?"

"Àga ló ṣubú lù mí."

Dókítà fọwọ́ kan ojú àpá náà. "Ẹ̀ẹ̀kan sí i níbí yìí, ó parí o. Orí kì í ṣe aṣọ, ìyá. A ò ní lè rán an."

Aránṣọ dúpẹ́. Ọ̀dọ̀ káfíńtà ló gbà lọ tààrà. Ó ní òun fẹ́ máa kan igi díẹ̀díẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn, àmọ́ owó ọwọ́ òun ò tó nǹkan.

"Ṣé ọkọ yín lẹ fẹ́ fi ayùn rẹ́ ni?" Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ bí ọwọ́ awakọ̀, ọkọ aránṣọ, ṣe le tó ládùúgbò.

Èèyàn dáadáa ni káfíńtà. Ó pọ́n ayùn àlòkù fún un, ó fi òòlù àti téèpù lé e. "Irin tí wọ́n fi ń di igi pọ̀ yẹn, ẹ má rà á. Rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ni kẹ́ ẹ gé, ẹ fi dì í títí gúlù á fi gbẹ. Ẹ gbé ilẹ̀kùn àlòkù lé dúrọ́ọ̀mù méjì, tábìlì iṣẹ́ dé nìyẹn."

Ibi igi ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀. Aránṣọ ń gbé páákó wò lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó fúyẹ́ jù ló ń ṣà.

"Páákó àpótí èso? Fún àga? Ìdí èèyàn ló máa jókòó níbẹ̀ o, kì í ṣe ìdí ológoṣẹ́!"

"Èyí ni mo fẹ́, ọ̀gá."

Láàárín oṣù kan, ó ti fi àga igi líle mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní pálọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́ igi, ó rẹ́ wọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mẹ́rin tó kàn fúnra rẹ̀ rọ́pò wọn.

Ní Sátidé kan, ọbẹ̀ jóná. Awakọ̀ fi ìkúùkù fọ́ ètè ìyàwó rẹ̀, ó tì í lulẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àga, ó là á mọ́ ọn lórí. Àga fọ́. Ó gbé èkejì, ìyẹn náà túká. Nígbà tí ẹ̀kẹrin lọ, ẹsẹ̀ àga kan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ bíi igi ìtayín. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó bú u, ó jáde. Aránṣọ tu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ dànù, ó dìde, ó gbálẹ̀.

Àwọn tó sáré wá làjà ò mọ ìgbà tí ẹ̀rín gbà wọ́n lẹ́nu. Ohùn káfíńtà ló ròkè jù.

"Ẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́! Ẹ wá wo àga ilé tèmi. Ogún ọdún! Ẹ là á mọ́ ògiri, ògiri ló máa wó."

"Màá kan òmíràn," aránṣọ dáhùn.

"Irú radaràda yìí náà?"

"Irú ẹ̀ náà ni, ọ̀gá."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìyàwó káfíńtà gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó fi ìborùn bo ojú kan, ó ní kí aránṣọ jọ̀ọ́ bá òun kan mẹ́fà irú èyí tó ń tètè fọ́ yẹn, kí ọkọ òun má sì gbọ́.